Ọkùnrin Orí Àkàbà

Ọdún méjìlélógún ni èmi àti Alága fi bá ara wa jà kí n tó mú gúlúù lọ́wọ́ nítorí ọ̀rọ̀ náà. Mo fẹ́ kó yé yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kì í ṣe ìfẹ́ ló mú mi ṣe ohun tí mo ṣe. Mo fẹ́ràn kí n máa kan bàálù kéékèèké pọ̀, òótọ́ ni, mo sì ti ń ṣe é láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí mi. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ìjà ni mo fi kàn án láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Iṣẹ́ eyín ni mò ń ṣe. Kì í ṣe pé mò ń yọ eyín. Àwọn dókítà ló ń yọ ọ́, èmi ni mo máa ń ṣe àtọwọ́dá fún ẹni tí tirẹ̀ ti lọ. "Eléyín" ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Yàrá iṣẹ́ mi wà lẹ́yìn ilé: fèrèsé kan, tábìlì gígùn kan, iná tó ṣeé tẹ̀ síbí tẹ̀ sọ́hùn-ún, àti àpótí tó kún fún eyín bí àpótí bọ́tìnnì aránṣọ. Ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń gbẹ́ eyín, òun náà ni mo fi ń gbẹ́ ike bàálù. Ìyàwó mi ní lọ́jọ́ kan màá gbàgbé ara mi, màá fi abẹ̀bẹ̀ bàálù sẹ́nu oníbàárà, màá sì fi eyín iwájú sí imú bàálù.

Bàbá mi ni olórí mẹkáníìkì ní pápá ọkọ̀ òfurufú ìlú wa nígbà ogun. Bàbá Alága ni awakọ̀ bàálù tí gbogbo ìlú fi ń yangàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bàálù méjì wà nílẹ̀ tí ọta ìbọn ti lù bí ajere. Awakọ̀ náà wọ ọ̀kan nínú wọn, ó gbéra, kò sì padà wálé. Ìwé ìwádìí tí wọ́n kọ lẹ́yìn náà sọ pé apá òsì bàálù náà ló ya kúrò níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Ta ni wọn ò bá dá lẹ́bi bí kò ṣe olórí mẹkáníìkì? Wọ́n lé bàbá mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì fi ìyókù ayé rẹ̀ tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe lẹ́bàá ọ̀nà.

Àṣà kan ló bá a kúrò ní pápá ọkọ̀. Ohunkóhun tí kò bá tíì dá a lójú, á so àkísà mọ́ ọn. Nígbà ogun, abẹ̀bẹ̀ imú bàálù ló ń so ó mọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ọkọ̀ náà gòkè. Lẹ́bàá ọ̀nà, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni. Tí oníbàárà bá ń kánjú, á ní, "Àkísà mi ṣì wà lára rẹ̀. Tó o bá gùn ún, ìwọ lo gùn ún o." Tí a bá bi í léèrè nípa ọjọ́ tí bàálù já, kì í dáhùn. Ó ní ká jẹ́ kí òkú sùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí òun náà fi lọ sùn.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n sọ ilé pápá náà di gbọ̀ngàn ìrántí. Wọ́n fín orúkọ gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sára ògiri, títí kan ẹni tó ń po tíì. Ti bàbá mi nìkan ni kò sí níbẹ̀. Orúkọ awakọ̀ yẹn ló wà lókè pátápátá, àpótí gíláàsì kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n tọ́jú bàtà gígùn rẹ̀ sí, bàtà aláwọ tí irun àgùntàn funfun wà nínú rẹ̀, tí awakọ̀ náà máa ń ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ sóde kí irun funfun náà lè hàn. Àwọn awakọ̀ nìkan ló ń wọ bàtà gígùn. Bàtà kánfáàsì ni ti mẹkáníìkì. Méjì irú rẹ̀ ni ọkùnrin náà ní, ọ̀kan ló wọ̀ lọ sí ikú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí, ni alága ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn náà. Ó ní òun ò lè máa wo orúkọ ẹni tó pa bàbá òun láràárọ̀. Ohun tí mo ń bá a jà lé lórí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìlà orúkọ kan lára ògiri.

Àwòrán kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nípa òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kò sì ní àwọ̀ ju dúdú àti funfun. Bàálù méjèèjì dúró, wọ́n kọjú sí wa, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́wàá sì wà káàkiri ilẹ̀. Tapólì bo ìdí ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ èkejì ti jóná débi pé nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣeé kà mọ́. Àkísà kan ń fì lára abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ọkùnrin kan sì dúró lórí àkàbà, ó kẹ̀yìn sí wa, ó fi ọwọ́ òsì mú búrọ́ọ̀ṣì, ó ń lẹ aṣọ bo ihò ara apá ọ̀tún bàálù náà. Ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá mi. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ní ilé tiwa, ọwọ́ òsì yẹn nìkan la fi mọ bàbá wa nínú àwòrán. Ẹ wá gbọ́ ẹjọ́ mi: apá ọ̀tún ló ń tún ṣe, apá òsì ló ya. Mo ti sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀, mo ti kọ ọ́ sí lẹ́tà, mo ti pariwo rẹ̀ níwájú gbọ̀ngàn títí olùṣọ́ fi bẹ̀ mí pé kí n máa lọ sílé.

Nígbà tó ku oṣù mẹ́jọ kó pé àádọ́ta ọdún tí ogun náà parí, ìgbìmọ̀ ní àwọn fẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn lórí tábìlì nínú àpótí gíláàsì: bàálù méjèèjì pẹ̀lú ọgbẹ́ wọn, ilẹ̀ pápá, àwọn òṣìṣẹ́, gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é ní gbogbo agbègbè wa. Alága kọ̀. Wọ́n dìbò, ìbò borí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó dé yàrá iṣẹ́ mi, kò sì jókòó.

"Mo gbọ́ pé o ti gbà," ó ní.

"Mo ti gbà. Àga wà lẹ́yìn yín."

"Mi ò wá jókòó. Mo wá sọ fún ọ pé bó ṣe wà nínú àwòrán gẹ́lẹ́ ni kó o ṣe é. Má fi ọgbọ́n orí tìẹ kún un."

"Bó ṣe wà nínú àwòrán gẹ́lẹ́ ni màá ṣe é. Ẹ̀yin lẹ máa kábàámọ̀ rẹ̀."

"Apá ọ̀tún rẹ yẹn náà ni?"

"Apá ọ̀tún yẹn náà ni. Àwọn èèyàn á yí tábìlì po, wọ́n á rí i pé òsì mọ́ tónítóní, kò sí ihò kan lára rẹ̀."

"Ó lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà kó lọ ba òsì jẹ́ náà. Àbí ọ̀kan ṣoṣo ló lè bàjẹ́ lóòjọ́?" Ó wo eyín tó wà lórí tábìlì mi. "Ẹni tó ń ṣe eyín fún gbogbo ayé, ó yẹ kó mọ ìgbà tí à ń pa ẹnu dé."

"Ẹni tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí, ó yẹ kó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì."

Ó jáde láìdágbére. Mo ní kó bá mi ti ilẹ̀kùn. Ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Ìyàwó mi tó ń bọ̀ láti ilé ìdáná ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, bí ẹ bá fẹ́ra yín ni, ìjà yín ò bá ti tán." Mi ò rẹ́rìn-ín.

Ìdá kan nínú méjìdínláàádọ́ta ìwọ̀n bàálù gidi ni mo fi ṣe é, tí ọkùnrin tó síngbọnlẹ̀ kò fi ga ju ìka ọmọńdinrín lọ. Ẹni tí kò bá ṣe irú rẹ̀ rí á rò pé èèyàn kàn ń fi ìṣó lu ike ni. Bó o bá fi ìṣó lu ike, ihò ara ike lo máa rí. Irin ara bàálù fẹ́lẹ́, ńṣe ló máa ń ya bíi páànù. Èèyàn ní láti gbẹ́ ike náà láti inú títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi máa gbà á kọjá, kó tó wá fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún un. Ibi tí ọta bá gbà wọlé, etí rẹ̀ á tẹ̀ sínú. Ibi tó bá gbà jáde, á ya síta. Níbi tó ti fàya gan-an, bébà fàdákà inú páálí sìgá ni mo lẹ̀ síbẹ̀, mo sì fi èékánná ya á. Mo fi awò tí mo fi ń wo eyín ka ihò ara àwòrán náà: mẹ́tàlélọ́gọ́ta lára èyí tó jóná, mọ́kàndínlógún lára èkejì. Mo gún gbogbo wọn. Ìbínú dára fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í jẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n. Kò sí ihò kan tí mo gún tí mi ò rántí ojú Alága.

Mo lọ èédú kúnná fún èéfín. Mo po ọ̀dà mọ́ fáníìṣì, ó di ọ́ìlì tó ń kán sílẹ̀. Iyanrìn tí mo sẹ́ ni ilẹ̀ pápá. Ewé tíì tí ìyàwó mi ti mu omi rẹ̀ tán, tí mo sá sóòrùn, ni koríko gbígbẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ńkọ́? Ìda ni mo fi gbẹ́ wọn, mo sì fi ohun tí à ń fi ṣe ẹ̀rìgì dà wọ́n. Mọ́kànlá ni wọ́n yẹ kí wọ́n jẹ́. Mẹ́wàá ló ti wà lórí tábìlì nígbà tí Alága tún dé láìránṣẹ́ ṣáájú.

"Kí ló dé tí wọ́n fi rí báyìí?" ó ní. "Ẹran ni àbí èèyàn?"

"Ẹ̀rìgì ni. Màá kùn wọ́n."

"Èwo ni bàbá rẹ?"

"Ẹni orí àkàbà. Mi ò tíì ṣe é."

"Tó o bá ń ṣe é, rántí kó o fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i lọ́wọ́."

Mo gbé irin ọwọ́ mi sílẹ̀ kí n má baà sọ ọ́ lù ú. "Bàbá tiyín ńkọ́?" mo ní. "Kò sí nínú àwòrán. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe ní wákàtí yẹn, tí àwọn tó kù ń làágùn?"

"Ó ń múra láti lọ kú nítorí irú yín," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára fún ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ohun kéékèèké ló kù: àkàbà, ọkùnrin orí rẹ̀, àti ọ̀pá tín-ín-rín kan tó máa ń yọ jáde lábẹ́ apá bàálù láti fi wọn bí atẹ́gùn ṣe ń sáré sí. Mo ní ìwé àwòrán ilé iṣẹ́ tó kọ́ irú bàálù náà lọ́wọ́. Nínú ìwé yẹn, abẹ́ apá òsì ni ọ̀pá náà wà. Nínú àwòrán gbọ̀ngàn, abẹ́ apá ọ̀tún ni. Mo ní kò burú, ó lè jẹ́ pé wọ́n yí i padà nínú àwọn kan. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀tún. Mo wo bàálù kejì nínú àwòrán: ọ̀tún náà ni. Ihò àtẹ̀gùn tí awakọ̀ ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ kó tó gòkè, ìwé ní òsì, àwòrán ní ọ̀tún. Ó dára bí ẹ bá tan ara yín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ti pọ̀ jù.

Mo mú àwòrán náà lọ síwájú dígí ilé ìwẹ̀. Nínú dígí, ohun gbogbo bọ́ sí ipò rẹ̀: ọ̀pá sí òsì, ihò àtẹ̀gùn sí òsì. Òdì ni wọ́n tẹ àwòrán náà láti ọjọ́ kìíní. Àádọ́ta ọdún ni gbogbo ìlú ti ń wo ẹ̀yìn bíi pé iwájú ni, èmi tí mò ń pe ara mi ní ọ̀gá nínú wọn sì ni mo pariwo rẹ̀ jù. Àkàbà wà lábẹ́ apá òsì. Aṣọ tí wọ́n ń lẹ̀ wà lára apá òsì. Apá òsì ló ya.

Mo jókòó sórí garawa. Ohun tí mo sọ ni pé, "Bàbá mi ló pa á." Mo sọ ọ́ sókè, kí n lè gbọ́ bó ṣe rí létí. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ fún yín lọ. Mo rántí gbogbo lẹ́tà tí mo kọ, gbogbo ariwo tí mo pa, mo sì rántí obìnrin yẹn tó dúró lójú fèrèsé gbọ̀ngàn tó ń wò mí. Ọjọ́ méjì ni mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ìyàwó mi ló gbà mí. Ó bá àwòrán náà níwájú dígí níbi tí mo fi í sí, ó sì pè mí.

"Ọwọ́ wo ni bàbá ń lò?" ó ní.

"O mọ̀ pé òsì ni."

"Ọwọ́ ọ̀tún ni ọkùnrin inú dígí yìí fi mú búrọ́ọ̀ṣì."

Mo wò ó, mo tún un wò. Ìyàwó mi ò mọ bàálù yàtọ̀ sí kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ó ti fi ogún ọdún gbé oúnjẹ ka iwájú bàbá mi, ó mọ ọwọ́ tó fi ń jẹun. Bí àwòrán bá wà lódì, a jẹ́ pé ọwọ́ náà wà lódì. Ọkùnrin yẹn kì í ṣe bàbá mi. A ti fi ọ̀wọ̀ bàbá fún ẹ̀yìn ẹlòmíràn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Ta wá ni? Mo ní láti gbẹ́ ọkùnrin náà lọ́nàkọnà, mo sì ní láti mọ ohun tó wọ̀. Mo gbé awò sójú. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, mo ti gbà pé ṣòkòtò bàbá mi ló ká sókè tí ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ fi funfun lẹ́sẹ̀. Kì í ṣe ṣòkòtò. Bàtà gígùn ni, ẹnu rẹ̀ ṣẹ́ sóde, irun funfun yí i ká. Mo mọ bàtà náà bí ẹni mọ owó. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ jà ní gbọ̀ngàn ni mo ń rí èkejì rẹ̀ nínú gíláàsì.

Àkísà yẹn náà sì wà níbẹ̀ lára abẹ̀bẹ̀. Àwa rò pé bàbá ò tíì parí iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó tú u. Bàbá ti parí tirẹ̀. Ó ti wo bàálù náà, ó ti ní kò gbọdọ̀ gòkè, ó ti so àkísà rẹ̀. Awakọ̀ náà ló gbé àkàbà, ló po gúlúù, ló lẹ apá fúnra rẹ̀, ló tú àkísà, tó sì lọ.

Mo gbẹ́ ọkùnrin náà ní ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò gbẹ́ ohunkóhun tó jọ èèyàn tó bẹ́ẹ̀ rí: búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọ̀tún, bàtà gígùn pẹ̀lú irun rẹ̀ tí mo fi òwú ṣe. Mo tú ọ̀pá kúrò ní ọ̀tún, mo tún ihò ìbọn gún sí ibi tó yẹ, mo sì kó gbogbo rẹ̀ sódì kó lè bọ́ sí títọ́. Orin ni mò ń kọ. Ìyàwó mi ní, "Kí lo fẹ́ fi ọkùnrin yìí ṣe?" Mo ní mo fẹ́ gbé e fún ọmọ rẹ̀.

Ọ̀sán tó ṣáájú ọjọ́ ayẹyẹ àádọ́ta ọdún náà ni èmi àti olùṣọ́ gbé e wọ gbọ̀ngàn. Oníkọ́kọ́rọ́ là ń pe olùṣọ́ náà. Ó lọ wá àpótí gíláàsì tí a máa fi bò ó, ó ku èmi àti Alága. Ó yí tábìlì po lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo àwọn ihò.

"Ọwọ́ rẹ mọṣẹ́," ó ní, bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Lẹ́yìn náà ló gbé orí sókè. "Apá òsì ni ọkùnrin yìí wà. O ṣì í kàn."

"Mi ò ṣì í kàn. Àwòrán yín ló wà lódì."

Mo ti mú dígí ọwọ́ ìyàwó mi dání. Mo gbé e síwájú àwòrán ara ògiri, mo fi ọ̀pá hàn án, mo fi ihò àtẹ̀gùn hàn án, mo ṣí ìwé ilé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó yé e kíákíá, mo sì rí i tí ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í wá sójú rẹ̀.

"Òsì ni bàbá rẹ lẹ̀ nígbà náà," ó ní. "Òsì tó ya. Ọdún méjìlélógún lo fi ń bú mi, o wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn wá jẹ́wọ́."

Mo jẹ́ kó gbádùn rẹ̀ díẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín, èmi náà ń gbádùn rẹ̀.

"Ọwọ́ wo ló fi mú búrọ́ọ̀ṣì?" mo ní.

"Ọ̀tún."

"Ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá mi. Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ ọ́ sí ìgbìmọ̀ pé kí la tún retí lọ́wọ́ ẹni tó ń fòsì ṣiṣẹ́. Lẹ́tà náà wà nílé mi."

"Ta wá nìyẹn?"

Mo na awò sí i. "Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀."

Ó wò ó. Ó pẹ́ kó tó gbé awò kúrò lójú. Ó yíjú sí àpótí gíláàsì tó wà lábẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, ó tún yíjú sí àkàbà. Mi ò dúró kó sọ̀rọ̀. Mo ti tọ́jú ọ̀rọ̀ tèmi pẹ́ jù.

"Bàbá mi ní bàálù yìí kò gbọdọ̀ gbéra. Ó so àkísà mọ́ ọn, àkísà náà rèé. Bàbá yín ló lẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Òun ló tú àkísà. Kò sí ẹni tó pa á, Alága. Òun ló gùn ún."

Ó di etí tábìlì mú. Mo ti ro inú dídùn ọjọ́ náà títí, mo rò pé á tó mi jẹ dọjọ́ ikú. Ó dùn mọ́ mi fún bí ìgbà tí èèyàn fi mí èémí mẹ́ta.

"Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà," ó ní, kò sì wò mí. "Mo ń bi màmá mi pé kí ló dé tí bàbá fi lọ. Ó ní kò lọ. Ó ní ì bá ti padà wálé jẹun alẹ́ bí kì í bá ṣe ti mẹkáníìkì yẹn. Ohun tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà nìyẹn."

A gbọ́ tí Oníkọ́kọ́rọ́ ń wọ́ nǹkan kiri nínú yàrá ẹ̀yìn.

"Ta ló tún mọ̀?" ó ní.

"Ìyàwó mi."

"Yọ ọ́ kúrò. Yọ ọkùnrin yẹn kúrò lórí àkàbà, kó o dá àwòrán yẹn sí bó ṣe wà. Orúkọ bàbá rẹ á wà lára ògiri kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn lọ́la. Màá pe agbẹ́kùúta nísinsìnyí."

Ǹ bá fẹ́ sọ fún yín pé àánú ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn ṣe mí. Ǹ bá fẹ́ sọ pé mo rántí bàbá mi, tó mọ gbogbo rẹ̀, tó fi ọgbọ̀n ọdún kúnlẹ̀ ti táyà kẹ̀kẹ́ tí kò sì la ẹnu, kí ọmọ ẹlòmíràn lè ní bàbá. Mo rántí rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ni. Lójú ẹsẹ̀ yẹn, orúkọ ni mo fẹ́.

"Ìwé ìwádìí yẹn ńkọ́?" mo ní. Ó wà lára ògiri nínú férémù, ẹ̀bi bàbá mi wà nínú rẹ̀ ní ìlà kẹsàn-án.

"Á kúrò."

"Kí n tó kúrò níbí."

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ tutọ́. Ó wá rìn lọ sídìí ògiri, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì fúnra rẹ̀ gbé e kúrò lórí ìṣó. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ funfun ju ògiri tó kù lọ.

Mo mú ẹ̀mú kékeré jáde lápò. Gúlúù eyín ni mo fi lẹ ọkùnrin náà, gúlúù tó yẹ kó gba ẹran àti egungun lẹ́nu èèyàn fún ogún ọdún. Mo dì í mú láyà, mo fà á. Kò tú. Mo yí i, mo gbọ́ tó kán. Ó já kúrò lókè bàtà. Bàtà méjèèjì dúró lórí àkàbà bí mo ṣe lẹ̀ wọ́n, irun funfun wọn kò tilẹ̀ mì.

Alága na ọwọ́ sí mi. Mo gbé ọkùnrin náà lé e ní àtẹ́lẹwọ́. Ó wò ó.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?"

"Ó wà lórí àkàbà. Màá gbẹ́ ẹ kúrò, ẹ̀rọ mi wà nínú àpò."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo bàtà méjèèjì títí. "Fi í sílẹ̀," ó ní.

Ohun tó sọ ló ṣe. Lọ́jọ́ kejì, orúkọ bàbá mi wà níbẹ̀, ẹni ìkẹtàdínlógún, wọ́n fín in dáadáa, kò sí àṣìkọ kan. Mo fọwọ́ kàn án. Ìyàwó mi sunkún. Alága sọ̀rọ̀ ní orí pèpéle nípa àwọn tó fi ẹ̀mí wọn lélẹ̀, kò sì wo apá ọ̀dọ̀ mi.

A ò tíì kí ara wa láti ìgbà náà. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, kò fẹ́ràn mi, a ò sì purọ́ nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo máa ń lọ síbẹ̀ ní ọjọ́bọ̀ láti nu gíláàsì, mo sì máa ń bá a lórí àga tó kọjú sí tábìlì náà. Á ti di ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, á gbé e sórí itan. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Oníkọ́kọ́rọ́ dúró ti tábìlì pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó ń mi orí.

"Eléyín," ó ní, "àwọn èèyàn ń bi mí léèrè. Ìgbà wo lẹ máa parí ẹni orí àkàbà yìí? Bàtà nìkan lẹ ṣe."

Mo la ẹnu láti dáhùn. Alága ló ṣáájú mi.

"Ó ti parí," ó ní. "Báyìí ló rí."